Òṣé Pípa àti Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí Ó Bá A Mu

Nígbà tí Yorùbá bá ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ròyìn ẹni tí ó pòṣé, "hiss" ni ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ àwọn ènìyàn lára ní Nàìjíríà gan-an. Ṣùgbọ́n etí Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tí ó ni èdè, ariwo ejò ni "hiss". Ìró táyà tí ń jò ni. Èémí ń jáde ni. Ẹni tí ó pòṣé, ní tirẹ̀, ń fa afẹ́fẹ́ sínú: ahọ́n á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eyín tàbí àjà ẹnu, ètè á sún mọ́ra, afẹ́fẹ́ á sì gba àlàfo tóóró wọlé. Ìṣe méjèèjì lòdì sí ara wọn.

Nínú ìwé ìròyìn Nàìjíríà, kò sí ewu; olúkúlùkù mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ní ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀ràn wà. Bí ògbufọ̀ bá sọ pé obìnrin kan "hissed at" ọkọ rẹ̀, adájọ́ lè rò pé ó fẹ́ bá a jà ni, bẹ́ẹ̀ àárẹ̀ ọkàn lásán ni ó mú un pòṣé. "She sucked her teeth" ni ó yẹ kí ògbufọ̀ wí: ìṣe ni kí ó kọ́kọ́ sọ, kí ìtumọ̀ tẹ̀ lé e. Lóòótọ́, Gẹ̀ẹ́sì mìíràn lè gbọ́ èyí kí ó rò pé iyèméjì ni; ó kéré tán, yóò ti mọ ohun tí ẹnu ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní Guyana àti Jàmáíkà. John àti Angela Rickford kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1976, wọ́n sì tọ ipasẹ̀ àṣà náà padà sí Áfíríkà.

Ojú pẹ̀lú ní ìṣòro tirẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí àgbà ń bá wí a máa tẹ orí ba, a sì máa wo ilẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Olùkọ́ London tí ó bá kọ "he avoided my eyes" nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti dá a lẹ́bi kí ọmọ náà tó la ẹnu, nítorí pé "avoid" a máa dọ́gbọ́n sọ pé ó ní ohun tí ó ń fi pamọ́. "He lowered his eyes" kò sọ ju ohun tí ojú ṣe lọ. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni ó yàtọ̀, ó sì tó láti sọ ọmọ tí ó ní ẹ̀kọ́ di òpùrọ́ nínú fáìlì tí yóò máa tẹ̀ lé e láti kíláàsì dé kíláàsì.