Iléeṣẹ́ ńlá dé ẹkùn Ẹ̀pẹ́, iṣẹ́ kíkọ́ ńkọ́?

Láti ọdún 2006 nìjọba Èkó ti ń bá àwọn iléeṣẹ́ Ṣáínà ṣe àjọṣe lórí Lekki Free Zone ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, lẹ́kùn Ẹ̀pẹ́. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí èbúté ńlá síbẹ̀, ilé ìfọpo Dangote sì tẹ̀lé e lóṣù karùn-ún. Apẹja àti àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onílẹ̀ àdúgbò náà. Owó ilẹ̀ kì í sì í pẹ́ tán.

Dangote rán àwọn ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà lọ sí Íńdíà láti kọ́ṣẹ́ ìfọpo. Ó dára, àmọ́ ẹni tó ti gboyè ni wọ́n ń rán. Àwọn wẹ́dà Ẹ̀pẹ́ ńkọ́? Yaba Tech ní ọgbà ẹ̀kọ́ nílùú náà. Ibẹ̀ ló yẹ kí àwọn àjòjì ti máa kọ́ wọn, kó sì wà nínú àdéhùn.

Òfin ọdún 2010 lórí iṣẹ́ epo rọ̀bì ní kí ọmọ Nàìjíríà máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àjòjì tó bá wà nípò, kó má ju ọdún mẹ́rin lọ kó tó gbapò náà. Ta ló ń ka ọdún ọ̀hún? Bí a bá kà á láti ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé ìfọpo náà, oṣù karùn-ún ọdún 2027 ni yóò pé.