Ọ̀kọ̀ Kọ́ Ni Ohun Èlò Àkọ́kọ́

Bí a bá bi ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́wàá ní Ìrè níbí pé kí ni ènìyàn nílò kí ó tó mòòkùn sínú odò láti fi ọ̀kọ̀ gún ẹja, mo mọ ohun tí mẹ́sàn-án nínú wọn yóò sọ. Wọn yóò ní ọ̀kọ̀ ni, tàbí ìbọn onírọ́bà tí ń ta ọ̀kọ̀. Ẹnì kẹwàá yóò ní awò ojú ni. Mo kọ àròkọ yìí láti sọ pé àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n ṣì í, àti pé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè pa ọmọ ènìyàn.

Fóònù ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ àárín wa. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń wo fídíò àwọn tó ń mòòkùn sínú òkun tó mọ́ bíi dígí, wọ́n wọ bàtà rọ́bà gígùn bí ìrù ẹja, wọ́n ta ọ̀kọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì gbé ẹja ńlá jáde. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá gba ìsinmi, ọmọ wa yóò pọ́n irin agboòrùn títí yóò fi mú, yóò gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, yóò di méjèèjì mọ́ igi, yóò sì kọrí sí odò. Ohun tí fídíò náà kò fi hàn án ni ọ̀rẹ́ tó dúró lókè omi tó ń ṣọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀, àti ọ̀pọ̀ oṣù tí ẹni náà fi kọ́ṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ní ọdún 2021, àwọn ènìyàn tí ó tó nǹkan bí 300,000 ni wọ́n kú sómi káàkiri ayé. Nínú gbogbo mẹ́wàá tó kú bẹ́ẹ̀, ó lé ní mẹ́sàn-án tó jẹ́ ará orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, irú bíi tiwa. Ní ọdún 2021 yìí kan náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 25 oṣù Keje sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìdènà ikú omi. Ẹ bi ara yín, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi: ilé ẹ̀kọ́ mélòó ni ó ti dárúkọ ọjọ́ yẹn létí yín rí?

Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá ti lówó láti ra ohun èlò ti di òmòòkùn. Ẹ jẹ́ kí n mú ohun èlò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Awò kékeré tí wọ́n ń tà fún ìlúwẹ̀ẹ́ bo ojú nìkan, kò bo imú. Òfin Boyle tí a ń kọ́ nínú físíìsì fi yé wa pé bí ènìyàn bá dé ìsàlẹ̀ omi ní mítà 10, agbára tí ń tẹ̀ ẹ́ yóò di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yóò sì sún kì títí yóò fi ku ìdajì ààyè. Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ inú awò yóò ṣe sún kì, tí awò náà yóò sì máa fa ẹyinjú. Ẹni tí awò rẹ̀ bo imú lè fi imú fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú rẹ̀ kí ó lè rọjú. Ẹni tí tirẹ̀ kò bo imú kò ní ọ̀nà àbáyọ. Kò tilẹ̀ dìgbà tí a bá dé mítà 10 kí ìyà tó bẹ̀rẹ̀. Ní mítà méjì tàbí mẹ́ta, etí ẹni tí kò mọ bí a ti ń dí imú fẹ́ afẹ́fẹ́ sí etí yóò ti máa ro ó.

Àwọn mìíràn a so òkúta mọ́ ìdí kí wọ́n lè tètè rì. Bẹ́líìtì òjé tí àwọn tó mọṣẹ́ ń lò ní ìdè tí ọwọ́ kan lè tú lẹ́ẹ̀kan náà. Kókó okùn tí omi ti mu ńkọ́? Ẹni tó ti gbìyànjú láti tú okùn garawa nínú kànga mọ ìdáhùn.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń mí lemọ́lemọ́ kí wọ́n tó wọ omi, tí wọ́n rò pé àwọn ń kó afẹ́fẹ́ pamọ́. Kì í ṣe àìsí ọ́síjìn ni ó kọ́kọ́ ń sọ fún ara pé kí ó mí. Carbon dioxide tó ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹni tó mí lemọ́lemọ́ ti lé carbon dioxide yẹn jáde, ṣùgbọ́n ọ́síjìn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Nítorí náà, ọ́síjìn lè tán kí ara tó kígbe. Yóò dákú lábẹ́ omi láìmọ̀ pé òun fẹ́ dákú. Ìdí nìyí tí àwọn òmòòkùn tó mọṣẹ́ fi ní òfin kan tí wọn kì í ṣeré pẹ̀lú: bí ẹnì kan bá wà nísàlẹ̀, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ wà lókè, kí ojú rẹ̀ má sì kúrò lára ẹni ìsàlẹ̀. Kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kọ̀ náà ńkọ́? Ohun tí ojú bá rí ni ọ̀kọ̀ ń gún. Odò tiwa kì í ṣe òkun inú fídíò. Ìwakùsà góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi odò Ọ̀ṣun di pupa bí ẹrẹ̀, débi pé ní ọdún 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ wa kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má mu ún. Bí òjò bá sì rọ̀, àwọn odò kéékèèké náà a dàrú. Ta ni yóò fi ọ̀kọ̀ gún ohun tí kò rí, tí kò ní gún ẹsẹ̀ ẹnì kejì rẹ̀? Nínú omi báyìí, ìwọ̀, àwọ̀n àti ìgèrè ni ohun èlò ọlọ́gbọ́n. Ìgèrè a máa pẹja nígbà tí ẹni tó dẹ ẹ́ wà nílé tó ń sùn. Kódà ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí omi ti mọ́, òfin kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 16 máa fi ìbọn ọlọ́kọ̀ pẹja lábẹ́ omi, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé àgbá afẹ́fẹ́ pọ̀n lọ ṣe é.

Ní báyìí, mo gbọ́ ohùn àwọn kan tí ń sọ pé, “Ohun òyìnbó ni gbogbo ìyẹn. Àwọn baba wa mòòkùn láìní nǹkan kan lọ́wọ́.” Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Kí afárá tó dé, igbá ńlá ni àwọn òmùwẹ̀ fi ń gbé èrò àti ẹrù kọjá àwọn odò ńlá ilẹ̀ Yorùbá. Igbá a léfòó, òmùwẹ̀ a máa tì í lọ. Ohun èlò ìgbẹ̀mílà ni igbá yẹn, kò sì ti òkè òkun wá. Ní Argungu ní ìpínlẹ̀ Kebbi, níbi tí ọdún ẹja pípa ti bẹ̀rẹ̀ ní 1934, tí UNESCO sì ti fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àṣà àgbáyé ní 2016, àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè ńlá ni àwọn apẹja ń kó wọ omi. Akèrègbè yẹn ni àpò ẹja, òun náà ni ó ń gbé wọn léfòó. Àwọn tó ń mòòkùn wa yanrìn nínú ọ̀sà ní Èkó kò gbé àgbá afẹ́fẹ́ kankan, síbẹ̀ wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi lórí, wọ́n ní òpó tí wọ́n ń dì mú sọ̀kalẹ̀ tí wọ́n sì ń dì mú gòkè. Àwọn baba wa kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ohun tó ń gbé ènìyàn léfòó ni wọ́n kọ́kọ́ mú, ohun tó ń pẹja ni wọ́n mú tẹ̀lé e. Àwa la yí i po.

Ọ̀rọ̀ kẹta kàn yín, ẹ̀yin òbí wa, mo sì fi ìkúnlẹ̀ sọ ọ́. “Má dé etí odò” kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ìkìlọ̀ ni, ó sì dára, ṣùgbọ́n kò tó. Omi kò lọ́tàá: à ń pọn ọ́n, à ń fọṣọ níbẹ̀, à ń kọjá rẹ̀ lọ sóko, a sì ń lọ wo ìtàkùn omi Ayìkúnnugbá ní Òkè-Ìlá nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá kó wa rìn. Ọmọ tí a kàn dẹ́rù bà yóò lọ ní ìkọ̀kọ̀, yóò sì dá lọ. Ẹni tó bá sì dá lọ ti sọ ohun èlò tó ṣe pàtàkì jù nù kí ó tó kúrò nílé.

Nítorí náà, bí a ó bá ra ohun èlò, ẹ jẹ́ kí a rà á ní ètò. Ìkíní ni ìlúwẹ̀ẹ́, nítorí ẹni tí kò lè léfòó ní ìdákẹ́jẹ́ kò ní iṣẹ́ kan ṣe nísàlẹ̀. Ìkejì ni ẹnì kejì tó mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe. Ìkẹta ni okùn gígùn àti kẹ́ẹ̀gì òfìfo oní-lítà 25 tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa. Ó lè gbé àgbàlagbà léfòó, ó sì wà lẹ́yìn ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Ìkẹrin ni awò tó bo imú. Ìkarùn-ún, tó jẹ́ ìgbẹ̀yìn, ni ọ̀kọ̀, fún ẹni tó ti dàgbà tó, nínú omi tó mọ́ tó, níbi tí òfin àti àṣà gbà á láyè. Ẹ má gbàgbé pé nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, a kì í pẹja rárá.

Mo mọ ohun tí àwọn olùkọ́ yóò sọ: ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a ní pápá bọ́ọ̀lù, a ní okùn, a sì ní kẹ́ẹ̀gì. Ní àkókò eré ìdárayá, a lè kọ́ bí a ti ń ju kẹ́ẹ̀gì tí a so mọ́ okùn sí ẹni tó dúró ní mítà 10 sí wa. A lè kọ́ bí a ti ń na igi gígùn sí ẹni tó ń rì, kí a dọ̀bálẹ̀ kí ó má bàa fà wá wọlé. A lè kọ́ pé ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kì í bẹ́ lé ẹni tó ń rì, nítorí òkú yóò di méjì. A lè ké sí àwọn apẹja tó dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n wá kọ́ wa ní bí a ti ń mọ ibi tí odò jìn àti ibi tí ó ti ń fà. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tó ń dúró de owó ìjọba.

Kì í ṣe pé mo lòdì sí ọ̀kọ̀, n kò sì sọ pé kí ẹgbẹ́ mi má mòòkùn. Iṣẹ́ akọni ni, ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹja yóò wà nínú odò lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tí yóò lọ pa á náà gbọ́dọ̀ wà.