Ibo Ni "Ẹ" Wà Nínú Gẹ̀ẹ́sì? Ọ̀rọ̀ Lórí Kọfí Ríra ní Ọsirélíà

  Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti ilẹ̀ Ọsirélíà dé, mo sì rí i pé kò yẹ kí n dá a gbé mì. Ọ̀rọ̀ nípa kọfí ni. Kí ẹ tó fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín pé kì í ṣe kọfí gan-an ló dùn mí. Ohun tí ènìyàn ń sọ kí wọ́n tó gbé kọfí síwájú rẹ̀ ni.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá kó ẹ̀ṣọ́ dé òde, tí àwọn ará òde kò mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ni ńkọ́? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Melbourne nìyẹn.

Mo lọ lo oṣù mẹ́ta ní ìlú náà nítorí iṣẹ́ ìwádìí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, òtútù ń mú, mo bá yà sí ilé kọfí kékeré kan lẹ́bàá ibi tí mo dé sí. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Good morning. Give me coffee. Put milk, and put two sugars." Ojú ọmọ náà yí padà. Kò bú mi, kò sì lé mi, ó kàn wò mí díẹ̀, ó ní, "What sort of coffee?" Ohùn rẹ̀ tutù ju òtútù ìta lọ. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà rọra sọ "please" lábẹ́ ahọ́n, bí ẹni tó ń bá ọmọ aláìgbọ́ràn tọrọ àforíjì.

Mo mu kọfí náà, ṣùgbọ́n kò dùn lẹ́nu mi. Èrò tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé nítorí àwọ̀ ara mi ni. Èkejì ni pé àwọn ọmọ ìlú yẹn kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Èmi tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, odidi ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí kí n tó bi ara mi léèrè pé: kí ni mo tilẹ̀ sọ?

Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá wọ bùkátéríà ní Ìbàdàn, ohun tí n ó sọ nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ bá mi bu àmàlà kan. Ẹ fi gbẹ̀gìrì àti ewédú sí i. Ẹ fún mi ní ẹran méjì." Bí a bá yọ ìkíni kúrò, gbólóhùn àṣẹ ni gbogbo rẹ̀ pátá. Síbẹ̀, kò sí olóúnjẹ tí yóò bínú sí mi. Kí ló fà á? Ọ̀wọ̀ ti jókòó sínú "ẹ" kí ọ̀rọ̀-ìṣe tó dé rárá. Ó tún wà nínú "bá mi", tó sọ àṣẹ di ìrànlọ́wọ́. Ó wà nínú "ẹ kú iṣẹ́" tí mo fi ṣáájú, ó sì wà nínú "mà".

Ẹ wá túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. "Ẹ" pòórá, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kì í pe olùwà nínú gbólóhùn àṣẹ. Bó tilẹ̀ pè é, "you" kan náà ni yóò fi pe ọba àti ọmọ ọwọ́. "Bá mi" pòórá. "Ẹ kú iṣẹ́" kò ní ibi tí a lè gbé e kà. Gbogbo ẹ̀ṣọ́ tí mo kó ti ilé bọ̀ já sílẹ̀ lẹ́nu ibodè, egungun lásán ló kù: "Give me."

Ṣé Gẹ̀ẹ́sì kò wá ní ọ̀wọ̀ ni? Ó ní in. Láyé àtijọ́, wọ́n ń lo "thou" fún ẹnìkan tàbí ẹlẹgbẹ́, wọ́n sì ń lo "you" fún ọ̀pọ̀ àti ẹni ọ̀wọ̀, gẹ́gẹ́ bí "o" àti "ẹ" tiwa. "Thou" ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ wọn tipẹ́. Ọ̀wọ̀ wá ibòmíràn fara pamọ́ sí: inú ìbéèrè. "Could I get a flat white, please?" "Can I have a long black, thanks?" Ẹ̀dá gbólóhùn ìbéèrè ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ó ṣeé ṣe. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ó lè kọ̀ bó bá wù ú. Òmìnira tí a ń díbọ́n pé a fún un yẹn ni ọ̀wọ̀ náà.

Ọ̀mọ̀wé Anna Wierzbicka, ọmọ ilẹ̀ Póláǹdì tó di olùkọ́ ní yunifásítì ní Canberra, kọ̀wé ní 1985 láti fi hàn pé àṣà àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ni èyí, kì í ṣe ìlànà ìwà rere fún gbogbo ayé. Àwọn ará Póláǹdì náà máa ń lo gbólóhùn àṣẹ níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń béèrè. Ní 1989, àwọn onímọ̀ tó fi Gẹ̀ẹ́sì Ọsirélíà wé Jámánì, Faransé ti Kánádà, Hébérù àti Sípáníìṣì ti Ajẹntínà tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe ń tọrọ nǹkan. Nínú ìwádìí wọn, àwọn ará Ọsirélíà ló ń fi ọ̀rọ̀ yípo jù lọ. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí ìlú tí a mọ̀ sí ìlú fàájì àti àìka-nǹkan-sí ni, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pe olùkọ́ rẹ̀ ní orúkọ àbísọ. Àwọn tí kò bìkítà nípa oyè ló bìkítà jù nípa "could I".

Ẹ yí ọ̀rọ̀ náà padà wò. Bí Òyìnbó tó ń kọ́ Yorùbá bá wọ bùkátéríà tó ní, "Ṣé mo lè ní àmàlà kan, ẹ jọ̀ọ́?", olóúnjẹ yóò kọ́kọ́ wò ó lójú. Ta ló ní kó má lè ní in? Kí ló dé tó fi ń bẹ̀bẹ̀? Àbí kò lówó lọ́wọ́ ni? "Ẹ jọ̀ọ́" tiwa wúwo ju "please" tiwọn lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ni tiwa, iyọ̀ inú ọbẹ̀ lásán ni tiwọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan egungun nìyí. Mo ti kọ́ àwọn àjèjì ní Yorùbá. Ọ̀kan nínú wọn wo àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún lójú, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, bàbá náà sì fún un ní obì. Kí ló dé tí a fi dárí jì í? Ahọ́n rẹ̀ ń wọ́ tuurutu nínú ohùn Yorùbá, a sì mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo dúró níwájú ọmọbìnrin yẹn ní Melbourne, Gẹ̀ẹ́sì mi já geere, gírámà rẹ̀ kò lábùkù. Jenny Thomas ti sọ ọ́ ní 1983 pé àṣìṣe gírámà máa ń mú kí wọ́n rí ènìyàn bí ẹni tí kò gbédè, ṣùgbọ́n àṣìṣe ìlò èdè máa ń mú kí wọ́n rí i bí ẹni tí kò níwà. Bí Gẹ̀ẹ́sì ẹni bá ṣe dára tó ni ìyà náà ṣe ń pọ̀ tó.

Èmi ní ìwé tí mo fi tu ara mi nínú. Àwọn tí kò ní ńkọ́? Mo bá ìyá kan pàdé níbẹ̀, ọmọ Ọ̀ṣun, tó wá bá ọmọ rẹ̀ obìnrin tọ́jú ọmọ tuntun. Ó ń lọ sí kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ọ̀fẹ́ ní ilé ìkàwé àdúgbò. Wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀ pé kó ṣáà máa fi "please" sí i. Màmá lọ sí ilé kọfí, ó ní, "My daughter, bring coffee for me, please." Ọmọ tó ń tà á fajú ro, ó ní, "Excuse me?" Màmá rò pé ó ní kí òun yàgò lọ́nà, ó bá yẹra kúrò lórí ìlà. Ẹni tó tẹ̀lé e bọ́ síwájú, ẹlòmíràn tún bọ́ síwájú. Màmá dúró títí, ó sì padà sílé láìmu kọfí. Láti ọjọ́ náà, kò lanu mọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kankan. Ìka ló fi ń júwe. Obìnrin tó ti fi ẹnu tà ní ọjà Òṣogbo fún ọgbọ̀n ọdún! "Ọmọ mi," ó sọ fún mi, "níwájú ọmọ-ọmọ mi, mo ti di odi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju tèmi lọ. Mo jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Mo ní, "Màmá, ẹ má wulẹ̀ wá 'ẹ' tiwọn káàkiri. 'Could I' ni." Ó wò mí. "Kúdàí? Kúdàí ni 'ẹ' wọn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ ọ ni mo fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ. Àkọ́kọ́, ẹ wò bóyá orí ìjókòó ni wọ́n ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tàbí nídìí káńtà. Bó bá jẹ́ nídìí káńtà, ẹ tò. Ẹni tó ń tà lè ní, "How are you going?" Kò béèrè ibi tí ẹ ń lọ, kò sì fẹ́ gbọ́ nípa ẹ̀yìn ríro. "Ẹ kú iṣẹ́" tiwọn nìyẹn, "Good, thanks, and you?" ti tó o. Lẹ́yìn náà ni "Could I get..." yóò tẹ̀lé e, tí "please" yóò sì kẹ́yìn. Wọ́n lè béèrè bóyá ẹ ó mu ún níbẹ̀ tàbí ẹ ó gbé e lọ: "Have here or takeaway?" Wọ́n sì lè béèrè orúkọ yín láti kọ sára ife. Ẹ má bínú pé ọmọdé fẹ́ pe orúkọ yín. Kí kọfí yín má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ni.

Ohun kejì tí èmi àti Màmá jọ ṣì ṣe ni pé a ní "coffee" lásán. Nílé wa, a bu ìyẹ̀fun inú agolo, a da omi gbígbóná lé e, ó parí. Lọ́hùn-ún, ẹni tó ní òun fẹ́ "coffee" dà bí ẹni tó wọ bùkátéríà tó ní òun fẹ́ "oúnjẹ". Àwọn ará Ítálì àti Gíríìsì tó ṣí lọ síbẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló mú kọfí oníẹ̀rọ gbilẹ̀. Pellegrini's tó wà ní òpópónà Bourke ní Melbourne ti wà láti 1954. "Short black" ni kọfí dúdú kékeré tó le. "Long black" ni èyí tí wọ́n dà sórí omi gbígbóná. "Flat white", tí Ọsirélíà àti New Zealand ń bá ara wọn du, ní mílíìkì gbígbóná pẹ̀lú ìfóòfó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìfóòfó "cappuccino" pọ̀, wọ́n sì ń fọ́n ìyẹ̀fun ṣokoléètì lé e lórí. Wọn kò fi ọ̀ràn yìí ṣeré: ní 2008, Starbucks ti 61 pa nínú ilé kọfí 84 tó ní níbẹ̀.

Ẹnìkan yóò ní, ṣé kí a wá sọ àṣà wa nù nítorí kọfí ni? Rárá o. Ẹni tó wọ kóòtù nígbà òtútù kò jó agbádá rẹ̀ níná. Ìwà kan náà ni, ọ̀nà tí a gbà fi hàn ló yàtọ̀. Ohun tí mo ń bá àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì jà lé lórí, ní ilé àti lájò, ni pé wọ́n ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀, wọn kò kọ́ni ní ibi tí ọ̀wọ̀ ń gbé. Èmi rántí iye ọ̀sẹ̀ tí a fi kọ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń bá olùwà mu ní ilé ẹ̀kọ́ girama. N kò rántí ìṣẹ́jú márùn-ún tí a fi kọ́ bí a ṣe ń tọrọ nǹkan. "Ẹ fi 'please' sí i" kò tó. Ẹ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé "ẹ" rẹ̀ kò sọnù, kí ẹ sì fi ibi tó wà hàn án. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn káńtà náà, bí ẹ bá gbọ́ "give me" lẹ́nu àgbàlagbà tó ń rẹ́rìn-ín sí yín, ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo tẹ̀lé Màmá lọ sí ilé kọfí kan náà. Mo dúró lẹ́yìn. "Kúdàí get a flat white, please?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó gbé e fún un. Màmá dúpẹ́, ọmọ náà ní, "No worries." Màmá yíjú sí mi: "Kí ló ní kí n má ṣèyọnu lé lórí?" Mo ní, "Màmá, 'kò tọ́pẹ́' ni wọ́n fi ń jẹ́." Ó mi orí, ó sì gbé ife rẹ̀ jókòó sẹ́bàá fèrèsé bí onílé.

Ohùn rere ní í yọ obì lápò, ohùn búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ jẹ́ ká máa ran ara wa lọ́wọ́ kí ohùn rere tí a gbé ti ilé bọ̀ má baà dún bí búburú létí àjèjì.

Ire o. Ó tún di ọjọ́ mìíràn.