Ta Ló Ni Ọmọ Ogun?

Ẹni tó bá jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ lóde òní, yálà ní Kaboua, ní Ṣábẹ̀ tàbí láàárín àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tó ń gbé Kùtọnú, kò ní pẹ́ gbọ́ ọ kí ẹnìkan wí pé sójà nìkan ló lè tún ìlú ṣe. Wọn a dárúkọ Màlì, níbi tí sójà ti gba ìjọba ní 2020. Wọn a fi Bùkínà Fasò kún un, 2022. Wọn a tún fi Nìjẹ́ẹ̀ tó múlé ti Bẹ̀nẹ̀, 2023. Ẹlòmíràn a wá fi àṣà ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, a ní bẹ́ẹ̀ náà ni ayé àwọn baba ńlá ṣe rí, pé jagunjagun ló ń ṣe ìlú. Èrò ìṣèlú ni apá kìíní, olúkúlùkù ló sì ní tirẹ̀. Apá kejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtàn, ìtàn náà kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ní òun ń tọ́jú ogún àtijọ́ àti oyè ọba kò gbọdọ̀ dákẹ́ lórí rẹ̀.

Ọ̀yọ́ wà lára àwọn ìlú tí ètò ogun ti fìdí múlẹ̀ jù lọ nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, ìbẹ̀rù ohun tí balógun lè dà sì hàn nínú gbogbo ètò náà. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, 70 ni iye wọn, akọni tí a ti dán wò ni wọ́n. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò sì ni olórí wọn. Agbára tí wọ́n gbé lé Kakaǹfò lọ́wọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo okùn tí wọ́n fi dè é. Kì í bá ọba gbé ìlú kan náà. Lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún 3 ni yóò jáde sógun, ọba ni yóò sì sọ ibi tí yóò kọjú sí. Bó bá ti jáde, kí oṣù 3 tó pé, ó di dandan kí ó ṣẹ́gun padà wálé, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ bọ̀. Òfin líle ni. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ẹni tí gbogbo ìlú fi idà lé lọ́wọ́ lè yí i padà sí ìlú.

Ìgbà tí okùn náà já ni Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í túká. Afọ̀njá, Kakaǹfò tó wà ní Ìlọrin, kẹ̀yìn sí Aláàfin Aólẹ̀. Nígbà tí kò sí ẹni tó ń jíṣẹ́ fún mọ́, ó kó ọmọ ogun tirẹ̀ jọ: àwọn ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn, àwọn tó tẹ̀ lé Àlímì wá, àwọn tí wọ́n ń pè ní Jàmáà. Wọn kì í ṣe ọmọ ogun Ọ̀yọ́, wọn kì í sì í ṣe ti Ìlọrin. Ọmọ ogun Afọ̀njá ni wọ́n. Àwọn wọ̀nyí gan-an ló wá dìde sí i, tí wọ́n pa á, Ìlọrin sì bọ́ lọ́wọ́ Aláàfin títí láé.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn yóò mú Ìbàdàn wá, kò sì jẹ̀bi. Òótọ́ ni pé jagunjagun ló ṣe àkóso Ìbàdàn ní sẹ́ńtúrì 19. Ìlú tí kò ní ọba aládé nígbà náà, tó sì lágbára ju ọ̀pọ̀ ìlú aládé lọ. Síbẹ̀, àwọn fúnra wọn ya ìlà oyè Baálẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìlà oyè Balógun. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ọmọ ogun kì í ṣe ti ìlú. Inú agbo ilé olóyè ni jagunjagun ń gbé; olóyè ló ń fún un ní ìbọn àti ẹ̀tù, olóyè náà ló sì ń pín ìkógun. Nítorí náà, bí olóyè méjì bá jà, ọmọ ogun méjì ló jà. Ogun Ìjàyè gba 1860 títí dé 1862, ti Kírìjí bẹ̀rẹ̀ ní 1877 kò sì sinmi títí di 1886. Ta ló lè pe ìyẹn ní títún ìlú ṣe?

Ilẹ̀ Ṣábẹ̀ ní tirẹ̀ kò sí lára àwọn tó ń fi ogun ṣe ọrọ̀. Àwọn tí ogun ń bá ni. Àwọn òkè Ṣábẹ̀ tí àwọn arìnrìn-àjò ń yà fọ́tò wọn lónìí, ibi ìsásí ni wọ́n jẹ́ fún àwọn baba ńlá nígbà tí ọmọ ogun Dàhómì ń bọ̀. Kétu kò rí irú òkè bẹ́ẹ̀ sá sí, ó wó lulẹ̀ ní 1886. Ogun Dàhómì ní ètò tó le: Gàù ń darí apá ọ̀tún, Kpòsú ń darí apá òsì, àwọn obìnrin ogun sì ní olóyè tiwọn tó dúró fún olóyè ọkùnrin kọ̀ọ̀kan. Ọba Àgbómẹ̀ ló ni gbogbo wọn. Ìdí rèé tí kò fi sí balógun kan ní Àgbómẹ̀ tó dà bí Afọ̀njá. Ìdí rèé náà tí kò fi sí ẹni tó lè sọ fún ọba pé ogun ọdún yìí tó gẹ́ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn Faransé dé. Ogun tí Dodds kó wá ṣẹ́gun Béhanzin láàárín 1892 sí 1894. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan mú ọ̀dọ́mọkùnrin wá fún iṣẹ́ ológun. Ọ̀pọ̀ ní Kétu, ní Ọ̀họ̀rí àti ní Ṣábẹ̀ dì ẹrù wọn, wọ́n ré kọjá ààlà lọ sí Nàìjíríà lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wọn. Ojo kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ni ọmọ ogun yẹn ń gbé Paris, kò sì bi wọ́n léèrè nǹkan kan.

Òmìnira dé ní 1 Oṣù Kẹjọ 1960. Kí ọdún 13 tó pé, sójà ti gba ìjọba Dàhómì ní 1963, ní 1965, ní 1967, ní 1969 àti ní 1972, ti ìkẹyìn yìí sì gba ọdún 17. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń yin ìjọba sójà kò bá ìgbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò rí owó oṣù gbà ní ìparí 1989 kò tíì gbàgbé. Ìpàdé àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ní Oṣù Kejì 1990 ló bi ìlú ní ìbéèrè tí Ọ̀yọ́ ti bi ara rẹ̀: kí ni a ó fi de ẹni tó di idà mú? Ìdáhùn náà wà nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 11 Oṣù Kejìlá 1990.

Ó yẹ kí a tò ó bó ṣe rí. Nísàlẹ̀ pátápátá, sójà bíi 10 wà lábẹ́ sájẹ́ǹtì kan. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà lábẹ́ lẹfutẹ́náǹtì. Kápítẹ́ẹ̀nì ló ń darí bíi 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀gá tó ga jù ú lọ ló sì ni bàtálíọ̀nù. Ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti òfurufú, ti ojú omi àti ẹ̀ṣọ́ orílẹ̀-èdè wà lábẹ́ ọ̀gágun àgbà kan. Àwọn onímọ̀ràn rẹ̀ kì í yìnbọn. Ọ̀kan ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn, òmíràn ìròyìn nípa ọ̀tá, òmíràn oúnjẹ àti epo ọkọ̀. (Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba rí mọ̀ pé ìwé ló ń gbé ìjọba ró, bẹ́ẹ̀ náà ni ogun òde òní.) Ibi tí ọ̀gágun àgbà dé, ibẹ̀ ni aṣọ ológun parí sí. Òkè rẹ̀ ni mínísítà wà, òkè mínísítà ni Ààrẹ orílẹ̀-èdè, ẹni tí abala 62 pè ní olórí àgbà gbogbo ọmọ ogun. Ààrẹ pẹ̀lú kò dá a ṣe: Ilé Aṣòfin ló ń fọwọ́ sí ìkéde ogun, àwọn ni wọ́n sì ń dìbò lórí owó tí sójà ń gbà. Kò sí ọ̀gá kan tó ń fún ọmọ ogun rẹ̀ lóúnjẹ láti inú àpò ara rẹ̀. Ohun tó mú ogun òde òní yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn nìyẹn, kì í ṣe ìbọn.

Ẹ̀ka mìíràn tún wà tí àwọn ará ìlú máa ń dà pọ̀ mọ́ sójà. Láti 1 Oṣù Kìíní 2018 ni wọ́n ti pa àwọn ṣándámù àti ọlọ́pàá pọ̀ di ọlọ́pàá kan ṣoṣo fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọlọ́pàá ló wà fún ará ìlú. Sójà wà fún ọ̀tá. Ilẹ̀ Ṣábẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ lọ. Ní Oṣù Kẹrin 2021, kí ìdìbò tó wáyé, àwọn olùfẹ̀hónúhàn dí ọ̀nà Kùtọnú sí Parakou ní Ṣábẹ̀, sójà ni wọ́n rán wá láti ṣí i, ẹ̀mí sì ṣòfò. Dídí ọ̀nà burú. Ṣùgbọ́n ìlú tí sójà bá yìnbọn nínú rẹ̀ kì í tètè gbàgbọ́ mọ́ pé ọmọ ogun òun ni.

Síbẹ̀, àwọn sójà kan náà ló ń kú ní àríwá. Láti 2022 ni ètò tí wọ́n ń pè ní Mirador ti wà ní ààlà Bùkínà Fasò àti Nìjẹ́ẹ̀. Ní 17 Oṣù Kẹrin 2025 nìkan, 54 kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ ẹnìkan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí àwọn sójà kan sì bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ Àìkú 7 Oṣù Kejìlá 2025, tí wọ́n ní àwọn ti yọ Ààrẹ Talon nípò, ọ̀kan lára ẹjọ́ tí wọ́n rò ni pé ìjọba kò náání àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó kú. Ẹjọ́ náà tọ́ kí wọ́n gbọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rò ó ni kò tọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó pọ̀ jù kọ̀ láti tẹ̀ lé wọn. Ọkọ̀ òfurufú ogun Nàìjíríà wá nítorí pé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti parí. Abala 65 ti pe irú rẹ̀ ní ọ̀ràn sí orílẹ̀-èdè. Abala 66 sọ pé bí sójà bá gba ìjọba, ẹ̀tọ́ mímọ́ ni fún ará ìlú láti kọ̀ fún wọn. Abala 64 ní kí sójà tó bá fẹ́ du ipò Ààrẹ kọ́kọ́ bọ́ aṣọ ológun. Okùn Kakaǹfò ni wọ́n tún lọ́.

Abala 62 sí 66 kò ju ojú ewé kan tàbí méjì lọ. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀pọ̀ òbí tó ní ọmọ nínú iṣẹ́ ológun ní Kaboua kò sì lè kà á. Nínú ẹgbẹ́, àwọn tó gbọ́ èdè méjèèjì pọ̀ tó láti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Ṣábẹ̀. Kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n kà á sókè níwájú ọba àti àwọn olóyè nígbà àpéjọ ọdọọdún, lẹ́yìn oríkì àwọn akọni, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ṣì wà níkàlẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà, kí wọ́n dárúkọ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tó wà ní àríwá, kí àwọn ẹbí wọn sì sọ níwájú aṣòfin agbègbè ohun tí wọ́n ń fẹ́ kó bá wọn béèrè ní Ilé Aṣòfin.