Ohun Tí Ojú Rẹ Rí Ni Kí O Kọ

 

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ni ó kọ lẹ́tà sí mi. Ó ní olùkọ́ wọn rán wọn ní iṣẹ́ pé kí wọ́n wádìí bí kíkan omi ṣe ń ran ẹ́ńsáìmù inú itọ́ lọ́wọ́ tàbí bí ó ṣe ń dí i lọ́wọ́. Ìwé wọn sọ pé itọ́ kò lè fọ́ sítáàṣì nínú omi kíkan, nítorí náà àwọ̀ dúdú tí áyódíìnì ń mú wá kò ní í lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ yìí fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí tirẹ̀, kíá ni àwọ̀ dúdú pòórá! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ó da ìwé kọ kí ó lè gba máàkì. Ó wá bi mí pé èwo ni kí òun kọ?

Ọmọ mi, ohun tí ojú rẹ rí ni kí o kọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Ẹ jẹ́ kí a wá wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ́ńsáìmù inú itọ́, tí à ń pè ní àmílésì, ni ó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà. Òun ni ó fà á tí iṣu fi ń dùn bí a bá rún un lẹ́nu pẹ́. pH ni òṣùwọ̀n kíkan. Sørensen, ará Denmark, ni ó gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1909, nígbà tí ó ń ṣe ìwádìí lórí ẹ́ńsáìmù gan-an ní Copenhagen. Omi tí kò kan, tí kò sì dà bí omi káún, wà ní 7; ohun kíkan wà ní ìsàlẹ̀ 7, káún wà lókè rẹ̀. Bí a bá fi nọ́ńbà kan sọ̀kalẹ̀, kíkan náà di ìlọ́po 10. Nítòsí 7 ni àmílésì ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Pẹ́písìnì inú ikùn fẹ́ràn nǹkan bí 2. Olúkúlùkù ló ní ibi tí ara ti tù ú.

Kí ló wá pa àwọ̀ náà rẹ́? Fítámì C inú ọsàn wẹ́wẹ́ ni! Ó ń gba àwọ̀ lọ́wọ́ áyódíìnì. Itọ́ kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Omi káún tí ó le náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fíníígà ni kí o lò fún kíkan, kí o sì lo ìwọ̀nba sóódà tí a fi ń ṣe kéèkì fún òdìkejì rẹ̀.

Fún gbogbo ìgò tí o bá fi itọ́ sí, gbé èkejì tì í: ohun kan náà ni kí ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi lásán ni kí o fi dípò itọ́. Ìgò yìí ni ẹlẹ́rìí rẹ. Bí àwọ̀ dúdú bá kọ̀ tí kò yọ nínú àwọn méjèèjì, má ṣe dá itọ́ lẹ́bi, má sì yìn ín. Jẹ́ kí ìwọ̀n gbogbo wọn dọ́gba, kí ooru wọn wà nítòsí 37°C, kí o sì máa dán wọn wò ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe gé máàkì ọmọ tí ó kọ ohun tí ó rí. Ẹ bi í pé kí ló fà á. Ẹni tí ó ń da ìwé kọ lónìí lè di ẹni tí yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò ní ọsibítù lọ́la.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.