Òróró Íńdíà àti Ìrora Tí Ń Ti Ìdí Lọ sí Àtẹ́lẹsẹ̀

 

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lónìí ti ọwọ́ bàbá olùkọ́ kan wá. Wọ́n ní ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ìrora kan ti ń mú àwọn ní ìdí, tí ó ń gba ẹ̀yìn itan sọ̀kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún, bí ẹni pé iná ń jó wọn. Ọmọ wọn tí ó ń kàwé ní Íńdíà wá fi ìgò òróró kan àti hóró oògùn dúdú ránṣẹ́ sí wọn. Kí àwọn lò ó ni, àbí kí àwọn dà á nù?

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Abèèrè kì í ṣìnà.

Àrùn yìí kì í ṣe àjèjì ní Íńdíà. Ayurveda ni ìṣègùn ìbílẹ̀ wọn ń jẹ́, Gridhrasi sì ni wọ́n ń pe àrùn náà. Láti ara orúkọ gúnnugún ni wọ́n ti mú un, nítorí pé ẹni tí ó ń ṣe a máa tiro bí igún. Ìwé wọn kan, Charaka Samhita, tí ó ti ju 1,000 ọdún lọ, sọ bí ó ti ń rìn gan-an: láti ìdí, sí itan, sí orúnkún, títí dé ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú ara, tí wọ́n ń pè ní vata, ni wọ́n dá lẹ́bi. Àwọn dókítà òde òní ní, lọ́pọ̀ ìgbà, ohun rírọ̀ tí ó wà láàrin eegun ẹ̀yìn ni ó yọ síta tí ó sì tẹ iṣan tí ó lọ sí ẹsẹ̀.

Báwo ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀? Òróró yànmọtí tí wọ́n fi ewé àti egbò sè ni wọ́n fi ń ra ìbàdí àti ẹsẹ̀. Wọ́n a tún fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí wọ́n pò ṣe bí òrùka sí ìbàdí aláìsàn tí ó dojú bolẹ̀, wọ́n a sì da òróró lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú rẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Kati basti ni wọ́n ń pè é.

Ooru àti ọwọ́ tí a fi ń ra ara a máa mú ìtura wá, ṣùgbọ́n ìtura kì í ṣe ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ irú ìrora yìí a máa lọ fúnra rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bí ènìyàn bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ dípò kí ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ.

Ní ti hóró dúdú yẹn, ẹ má gbé e mì. Ìwádìí kan tí àwọn dókítà gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2004 fi hàn pé nínú 70 oògùn Ayurveda tí wọ́n rà ní agbègbè Boston, 14 ni ó ní òjé, mákúrì tàbí ásẹ́níkì nínú. Òjé a máa ba ọpọlọ jẹ́, mákúrì a máa ba kíndìnrín jẹ́. Ásẹ́níkì ńkọ́? A máa ba iṣan jẹ́ títí àtẹ́lẹsẹ̀ yóò fi máa jóni. Ṣé ẹ rí i pé ohun tí ẹ ń sá fún gan-an ni ẹ lè fi owó rà?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ fi parí lẹ́tà yín ni ó bà mí lẹ́rù jù. Ẹ ní ẹsẹ̀ yín méjèèjì ti ń kú, tó bẹ́ẹ̀ tí bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ yín lọ́nà ilé ìwé, tí ẹ kò sì mọ̀ títí ọmọdé kan fi pè yín. Bàbá, èyí lè jẹ́ àrùn ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ má sì da òróró gbígbóná tàbí omi gbígbóná sí ẹsẹ̀ tí kò mọ ìgbóná. Yóò bó yín lára láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, egbò tí a kò sì mọ̀ ni ó ń sọni di ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Lálaalẹ́, ẹ fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín.

Ẹ̀yin yòókù, bí ìrora ẹsẹ̀ bá dé tí ẹ kò lè tọ̀ mọ́ tàbí tí ẹ kò lè mú ìtọ̀ dúró, tí ojú ara bá kú, tàbí tí ẹsẹ̀ kò ṣeé gbé sókè mọ́, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.

Ẹsẹ̀ ni ọlọ́jà fi ń dé ọjà, òun náà ni olùkọ́ fi ń dúró. Ẹ tọ́jú tiyín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.