Ẹ Má Pe Olórin Tó Gé Orin Rẹ̀ Kúrú Ní Ọ̀dàlẹ̀

Ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, bí ènìyàn bá ti dárúkọ ààlà, gbogbo etí a nà ró. Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé mi tó ní làákàyè, kí n tètè là á yé yín: ààlà ilẹ̀ kọ́ ni mo gbé wá. Ààlà tó wà láàárín orin fọ́ńkì àti orin pọ́ọ̀pù ni, ọ̀rọ̀ tí a lè jókòó yanjú.

Ẹ̀sùn náà kò ju ọ̀kan lọ. Wọ́n ní ẹgbẹ́ olórin tó bá fi fọ́ńkì sílẹ̀ lọ bá pọ́ọ̀pù ti da ilé rẹ̀. Kool & the Gang ni ọ̀daràn tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fà síwájú. Ní 1973, wọ́n gbé Jungle Boogie jáde: fèrè ń han, béèsì ń kùn, ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó nǹkan. Ní 1979, wọ́n mú J.T. Taylor wọlé kí ó máa fi ohùn dídùn kọrin. Ní 1980, Celebration dé, ó sì gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní 1981. Díjéè tí kò bá ní in lónìí, ẹ má gbà á sí ìnáwó ọjọ́ ìbí.

Wọ́n á ní owó ló gbé wọn lọ. Ó dára, ta ni owó kò gbé lọ rí? Àwọn ọmọ Àyàn ní Ẹrìn-Ọ̀ṣun, tó múlé tì wá, kì í lu oríkì ẹni ní ọ̀fẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. A ń lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí, a sì ń rẹ́rìn-ín. Owó kò lè jẹ́ ẹ̀rí nínú ẹjọ́ yìí.

Àwọn mìíràn yóò ní orin ìbílẹ̀ kì í yípadà. Ẹni tó bá dúró ní Ìfọ́n lè fẹ́ gbà wọ́n gbọ́, nítorí ìgbìn, ìlù Òrìṣà Olúfọ́n, kì í kánjú nítorí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n jùjú tí à ń pè ní ti baba wa, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni gángan àti gìtá oníná wọ inú rẹ̀. Onílé tí à ń gbèjà rẹ̀ yìí, àlejò ni lánàá.

Ẹjọ́ tó ṣòro ni ti Sunny Adé, tí wọ́n bí ní Òṣogbo nítòsí wa níbí ní 1946. Ẹni tó ra àwo rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 mọ̀ pé ojú àwo kan lè jẹ́ orin kan ṣoṣo, tí yóò máa ṣàn títí abẹ́rẹ́ á fi dé àárín. Bob Marley kú ní 1981. Ní 1982, Island, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo Marley jáde, mú Sunny, wọ́n sì gé orin wẹ́wẹ́ sínú Juju Music. Lójú tiwa, olórin tí kò tíì kọrin pẹ́ tó láti ki gbogbo ọ̀rẹ́ ìyá ọkọ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ fetí sí àwo náà: gángan ṣì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Synchro System tẹ̀lé e ní 1983, wọ́n sì yàn án fún ìdíje Grammy. Nínú Aura, ní 1984, Stevie Wonder fọn hamóníkà, ẹ̀rọ ìlù sì jókòó sí àyè tí ènìyàn ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Àwo náà kò tà bí wọ́n ti rò, Island àti Sunny sì pínyà. N kò yọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu kò yà mí.

Òṣùwọ̀n tí mo ń lò nìyí: ẹ yọ ohùn akọrin kúrò, kí ẹ wò ó bóyá ohun kan ṣì kù tó ń sọ̀rọ̀. Nínú fọ́ńkì, béèsì ló ń sọ ọ́. Lọ́dọ̀ wa, ìyáàlù ni. Jungle Boogie yege láìlàágùn. Ní ti Celebration, ohun tí béèsì ibẹ̀ ń sọ kò ju "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" lọ. Mo dá a sílẹ̀, mo sì kìlọ̀ fún un. Shina Peters, tó gbé Ace jáde ní 1989, mú jùjú sáré, ó sì fi ìlù fújì kún un. Àwọn àgbà ní ariwo ni. Ṣùgbọ́n kò lé ìlù kankan jáde nílé, ó tún pe òmíràn wọlé ni. Mo dá a láre pátápátá.

Ẹnì kan yóò bi mí pé Fẹlá ńkọ́, tí kò gé orin kúrú fún ẹnikẹ́ni? Mo kí i. Ṣùgbọ́n òun náà lọ sí Amẹ́ríkà ní 1969, ó gbọ́ ohun tó gbọ́, ó sì di ẹrù bọ̀ wálé. Ó ti rékọjá ààlà tirẹ̀, kìkì pé apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ló dorí kọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìnáwó lọ́wọ́ ní Ìlobùú àti ní Ìfọ́n, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Kí ẹ tó san àsansílẹ̀ fún ẹgbẹ́ olórin, ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n mọ orin tó lòde. Ẹ bi wọ́n pé ta ni yóò lu ìyáàlù.